Ọ̀dà Abẹ́ Nọ́ọ̀tù

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹjọ

Kí ẹni tó bá jí ìwé yìí kà yáa mọ ẹni tó ń bá lò. Èmi tí mò ń kọ ọ́, ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí mo fi ọwọ́ òsì nìkan gbé ẹ́ńjìnnì bàálù kúrò nímú rẹ̀, tí mò ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ búrẹ́dì. Mo lè dúró lẹ́yìn ògiri kí n gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, kí n sọ sìlíńdà tó ń ṣàìsàn àti ọjọ́ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Páílọ́ọ̀tì mọ́kànlá ló ti dì mọ́ mi lọ́rùn tí wọ́n ń sunkún ọpẹ́. Kò sì sí ohun kan láyé yìí tó ń bà mí lẹ́rù.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ òní.

Màmá, tó ń tún ẹ́ńjìnnì bàálù ṣe, já bọ́ láti orí àkàbà nínú ilé bàálù láàárọ̀, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì kán. Òjò ló gba ojú páànù wọlé, ilẹ̀ ń yọ̀. Wọ́n fi símẹ́ńtì ilé ìwòsàn dì í láti àtàǹpàkò títí dé ìgúnpá. Dókítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Màmá wò ó bí ẹni tó ní kí òun kó lọ inú òṣùpá.

Bàálù Bọ̀dá Páílọ́ọ̀tì ti wà nílẹ̀ níwájú wa, wọ́n ti ṣí imú rẹ̀. Wákàtí tí òfin ní kí ẹ́ńjìnnì fò kí a tó tú u ti pé. Sìlíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbọ́dọ̀ jáde ká tún wọn ṣe. Òun sì ni bàálù kan ṣoṣo tó ń lọ sí òdìkejì odò látìgbà tí omi ti gbé afárá lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní òdìkejì yẹn, tíṣà ni níbẹ̀, oyún rẹ̀ ti lé ní oṣù méje. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí àkọ́bí ẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan àti ibùsùn méjì ni wọ́n ní lọ́hùn-ún. Kò gbọ́dọ̀ bí èyí síbẹ̀.

Bọ̀dá Páílọ́ọ̀tì lọ dúró síwájú kàlẹ́ńdà ara ògiri. "Tó bá ti kọjá Sátidé, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù yìí, mi ò lè gbé e mọ́ o. Òfin ni. Oyún tó bá ti tó bẹ́ẹ̀ kì í wọ bàálù kékeré."

Màmá ní, "Ọwọ́ mi ló kán, ojú mi ò fọ́." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ ni ọwọ́ mi láti òní lọ. Ọwọ́ ni mo wí. Ẹnu, mo ní tèmi."

"Àsọdùn ló máa tún ẹ́ńjìnnì mi ṣe?" ni Bọ̀dá Páílọ́ọ̀tì wí. "Ìyá Ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kí n lọ kọ ìwé ìhágún mi ná."

Àsọdùn lorúkọ tó sọ mí. Mi ò mọ ohun tó fà á.

Ọjọ́rú, 6

Gbogbo sìlíńdà ti kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Ọjọ́ méjì gbáko. Màmá jókòó sórí àpótí, ó ń fi ìka òsì tọ́ka bí ọ̀gá ọlọ́pàá. "Ti òkè lákọ̀ọ́kọ́. Rọra. Ṣé ilẹ̀kùn lò ń já ni?" Sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ní àwo tirẹ̀, pẹ̀lú písítìn rẹ̀, fáàfù rẹ̀ àti gbogbo mọ̀lẹ́bí rẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ dà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń ṣe bí ìyá àgbà, ló ń kọ nọ́ḿbà sára àwo. Ó tún ní ìwé kan tó ń kọ gbogbo ohun tí mo bá ṣe sí.

Mo ní, "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo fi eyín tú nọ́ọ̀tù kan."

Ó ní, "Mo ti kọ ọ́ pé sípánà bọ́ lọ́wọ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta."

Apá ń ro mí. Mi ò fi nǹkan kan kún ìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Kẹrosíìnì láàárọ̀, kẹrosíìnì lọ́sàn-án. Ẹ̀gbin dúdú tó dì sórí písítìn le ju ojú tíṣà ìṣirò wa lọ. Mo rẹ ẹ́, mo gbo ó, mo fọ̀ ọ́, mo gbé e fún Màmá, Màmá yí i síbí yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Tún un fọ̀." Awọ ọwọ́ mi ti ń bó. Kẹrosíìnì tún ti wọ́n sí i. Owó tó ra jálá méjì lóṣù tó kọjá, ẹyọ kan àti èébú ló rà lónìí. Ẹni tó ń tà á ní òjò ló fà á. Ohun gbogbo ni òjò ń fà báyìí, títí kan ìwà ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 10

Ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n ń pe òní lọ́dọ̀ àwọn tó ní ìsinmi.

A da omi pupa sára àwọn sìlíńdà, a nù ún kúrò, a wá fọ́n ìyẹ̀fun funfun lé wọn. Ibi tí irin bá ti sán, omi pupa á rọra yọ padà bí ẹ̀jẹ̀ lójú egbò. Márùn-ún funfun báláú. Ìkẹta yọ ìlà kan, tín-ín-rín bí irun orí, láti ihò púlọ́ọ̀gì dé ìdí fáàfù.

Màmá fi ọwọ́ òsì gbá a pẹ́pẹ́ bíi kó jẹ́ èèyàn. "Èyí ti ṣe tiẹ̀. Kó lọ sinmi."

"Mo ti ń gbọ́ ọ lóhùn ẹ̀ tipẹ́," ni mo wí.

"Èmi ni mo sọ fún ẹ lóṣù tó kọjá pé ohùn ìkẹta ò dáa."

"Ohùn yín ni mo ti gbọ́ ọ, Màmá."

Bọ̀dá Páílọ́ọ̀tì ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ìlà pupa yẹn, ó ń ro iye ìgbà tó ti gbé èèyàn kọjá lórí odò pẹ̀lú rẹ̀. Ó jáde lọ fóònù pé kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12

Òjò. Sìlíńdà ò dé.

Ọjọ́bọ̀, 14

Ó dé. Mọ́tò tó gbé e wá rì sínú ẹrẹ̀, ni Bọ̀dá Páílọ́ọ̀tì bá gbé àpótí náà lérí láti oríta. Ó wọlé bí ẹni tó jáde látinú ìkòkò amọ̀, kìkì ojú ló ń tàn.

Lẹ́yìn náà, wíwọ̀n. Inú sìlíńdà kì í jẹ dọ́gba bó ṣe wà lójú, níbi tí písítìn ti ń fá a. Ó máa ń jẹ níkùn, ó máa ń jẹ lọ́rùn.

"Wọ̀n ọ́n," ni Màmá wí.

"Mo ti wọ̀n ọ́n."

"Wọ̀n ọ́n níbi tó ò fẹ́ kó ti jẹ."

Mo wọ̀n ọ́n. Ó ṣì wà nínú ohun tí ìwé gbà. Mo wá fi òkúta ìpọ́n fá inú gbogbo wọn ní ìlà wínníwínní tó ń dábùú ara wọn, kí òróró lè ríbi dúró. Màmá ní tí inú rẹ̀ bá dán jù, ríìngì písítìn á máa yọ̀ lórí ẹ̀ bí èmi nílé ìwé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16

Lílọ fáàfù. Èèyàn á fi iyẹ̀pẹ̀ olóròóró sí etí rẹ̀, á wá máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí igi rẹ̀ lọ, yí i bọ̀, títí etí fáàfù àti ìjókòó rẹ̀ á fi mọ ara wọn bíi tọkọtaya. Ẹyọ méjìlá. Tí wọ́n bá sọ mí sínú igbó báyìí, mo lè fi ọwọ́ lásán yí igi dá iná.

Màmá da kẹrosíìnì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní ká dúró bóyá yóò jò. A dúró. Kò sí èyí tó jò. Màmá ní, "Hẹ̀n-ẹ́n." Bí ẹlòmíì bá fún ni ní ife ẹ̀yẹ, kò tó "hẹ̀n-ẹ́n" Màmá.

Ẹ̀gbọ́n mi pè lórí fóònù nírọ̀lẹ́. "Àsọdùn, mo gbọ́ pé ìwọ lò ń tún bàálù tó máa gbé mi."

"Èmi náà ni."

"Ẹ bá mi wá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹsẹ̀ òun ti wú, òun ò lè wọ bàtà mọ́, ọmọ inú ẹ̀ sì ń ta bí ẹni tó fẹ́ jáde wá bá wa ṣiṣẹ́. Ó ní, "Ẹ ṣáà má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́." Kò fi ẹ̀rín sí ìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19

Ọ̀dà kíkùn. Mo fẹ́ràn ọ̀dà. Òun nìkan ni iṣẹ́ tí èèyàn lè rí pé òun ti ṣe nǹkan. Aláwọ̀ eérú ni, ó jọ irin fúnra rẹ̀. Màmá kọ́ mi: ìdí sìlíńdà ní etí bí àwo, ibẹ̀ ni nọ́ọ̀tù máa ń jókòó sí. Mo gbọ́dọ̀ fi téèpù bo ojú ìjókòó nọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan àti abẹ́ etí náà kí n tó fọ́n ọ̀dà. Irin gbọ́dọ̀ kan irin.

Ìkíní, ìkẹta, ìkarùn-ún ti parí. Màmá fi tọ́ọ̀ṣì wò wọ́n, ó fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn iṣẹ́, àwọn ọmọ àdúgbò ní kò sí bọ́ọ̀lù. Mo wé àkísà, mo fi téèpù yí i títí ó fi yí róbótó. Bọ́ọ̀lù tó dáa jù láyé. Gbígbá tí mo gbá a, ó fò kọjá ilé mẹ́rin, ó lọ jókòó sórí òrùlé ìyá oníbúrẹ́dì.

Ọjọ́rú, 20

Màmá lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n wo ọwọ́ rẹ̀. Mo kun ìkejì, ìkẹrin àti ìkẹfà. Wọ́n ń dán.

Téèpù ti tán. Ṣọ́ọ̀bù tó ń tà á jìn, òjò sì ń bọ̀. Ọ̀dà tí mo fọ́n síbẹ̀ ò nípọn ju ìyẹ́ eṣinṣin lọ.

Màmá dé lọ́sàn-án, ó ti rẹ̀ ẹ́, ìdúró lórí ìlà ti tán agbára rẹ̀. Ó bi mí láti ẹnu ọ̀nà: "Ṣé o bo ibi tí nọ́ọ̀tù ń jókòó?"

Mo ní, "Gbogbo ẹ̀ pátá, Màmá."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23

Wọ́n ti padà sára ẹ́ńjìnnì, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú òjò lórí páànù tí a ò fi gbọ́ ara wa. Bọ̀dá Páílọ́ọ̀tì gbé sìlíńdà dúró, èmi há ríìngì wọlé, àbúrò mi mú tọ́ọ̀ṣì. Inú ilé bàálù ṣókùnkùn nítorí ìkùukùu. Màmá fi ọwọ́ òsì pa ìdí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan kí n tó fi nọ́ọ̀tù sí i. Nígbà tó dé ìkejì, ó dúró díẹ̀. Ó tún un pa. Ó wá ní, "Máa bá a lọ."

Sípánà olónkà ni a fi ń fún wọn. Díẹ̀díẹ̀, láti igun dé igun, kí ìdí rẹ̀ lè jókòó déédéé. Tó bá dé iye tí a fẹ́, á dún "ká". Mi ò lè ka iye "ká" tí mo gbọ́ lónìí. Èjìká mi kì í ṣe tèmi mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 25

Ẹ́ńjìnnì jí. Ó kọ́kọ́ tú èéfín bí àgbàlagbà tó ń húkọ́, lẹ́yìn náà ló wá balẹ̀, ohùn kan, láìdá. A pa á, a wọn agbára inú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan: nínú ọgọ́rin, èyí tó kéré jù mú mẹ́rìnléláàádọ́rin. Bọ̀dá Páílọ́ọ̀tì jó yí bàálù ká.

Màmá mú ìwé ẹ́ńjìnnì. Láti ọjọ́ mẹ́ta ló ti ń fi ọwọ́ òsì kọ́ bó ṣe máa buwọ́ lùwé lórí ìwé ìròyìn àtijọ́. Ó buwọ́ lù ú, ó gùn ún lọ bí ìṣẹ́jú méjì. Ọjọ́rú ni Bọ̀dá Páílọ́ọ̀tì yóò lọ mú ẹ̀gbọ́n mi.

Nígbà tí Bọ̀dá Páílọ́ọ̀tì ń jáde, ó fẹsẹ̀ kọ sìlíńdà ògbólógbòó tó máa ń dá ilẹ̀kùn dúró. Ìdí sìlíńdà yẹn ti fàya, bọ́ọ̀tì tó já ṣì wà lára rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń sọ fún àbúrò mi pé àrá ló sán pa á.

"Ìyá Ẹ́ńjìnnì, kí ló dé tẹ́ ò ju nǹkan yìí nù?"

Màmá jókòó. Ó ní, "Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló tún ìyẹn ṣe. Ọ̀dà ló kùn sábẹ́ nọ́ọ̀tù. Ẹ́ńjìnnì gbóná, ọ̀dà rọ̀, ó fẹ́lẹ́ sí i. Nọ́ọ̀tù ò wá rí nǹkan dì mú mọ́. Bọ́ọ̀tì ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, títí sìlíńdà fi fò kúrò lára ẹ́ńjìnnì lójú ọ̀run. Páílọ́ọ̀tì yọ. Ẹni tó jókòó tì í ò yọ."

"Ó pẹ́ kó tó já?"

"Wákàtí mọ́kàndínlógún."

Bọ̀dá Páílọ́ọ̀tì mi kanlẹ̀. "Ọ̀gá yín ńkọ́?"

"Kò fọwọ́ kan sípánà mọ́. Bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ o. Láyé ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni ò sọ fún un."

Àbúrò mi wò mí. Ó ní, "O ní àrá ni."

Mi ò jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26

Mo tètè dé ilé bàálù kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ìdí ìkejì. Ìpẹ́ ọ̀dà kékeré kan ti fún jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀tù, bí ẹ̀pà tó yọ lẹ́nu ọmọdé. Ìkẹrin náà ní méjì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ́ńjìnnì tíì gbóná.

Mo rò ó. Òdìkejì odò ò ju wákàtí kan lọ. Àlọ àti àbọ̀, wákàtí méjì. Méjì jìnnà sí mọ́kàndínlógún. Ẹ̀gbọ́n mi á dé, lẹ́yìn náà n óò wá sọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà fún ara mi. Mo wá rántí pé kò sẹ́ni tó sọ iye wákàtí fún ọ̀dà.

Màmá wọlé pẹ̀lú fúláàsìkì tíì lábẹ́ abíyá. Mo ní, "Màmá, mi ò fi téèpù bò wọ́n."

Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. "Mélòó?"

"Mẹ́ta. Ìkejì, ìkẹrin, ìkẹfà."

"Téèpù dà?"

"Mo fi ṣe bọ́ọ̀lù."

"Bọ́ọ̀lù ọ̀hún dà?"

"Ó wà lórí òrùlé ìyá oníbúrẹ́dì."

Ó gbé tíì sílẹ̀. Ó wo ọwọ́ òsì ara rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn. "Mo fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ yìí ní kò dán mọ́rán. Ni mo bá ní ọwọ́ òsì ni, kò mọ nǹkan. Ẹnu ẹ ni mo gbà gbọ́ ju ọwọ́ mi lọ."

Mo ti sunkún tẹ́lẹ̀ rí nítorí ẹgba. Ti òní yàtọ̀.

Ó ṣí ìwé ẹ́ńjìnnì, ó fi ọwọ́ òsì fa ìlà lórí orúkọ ara rẹ̀. Ìlà náà wọ́. Lẹ́yìn náà ló pe Bọ̀dá Páílọ́ọ̀tì, ó fún mi ní fóònù. "Sọ fún un."

Mo sọ ọ́. Ó wá ní, "Àsọdùn, ọjọ́ àkọ́kọ́ rèé tó o sọ nǹkan tí kò ju bó ṣe rí lọ." Mo gbọ́ tó mí. "Mò ń bọ̀. Èmi ni n óò gbé e dúró."

Ẹ̀gbọ́n mi ni mi ò lè pè. Màmá ló bá a sọ ọ́. Màmá ní kó fún òun di Sátidé.

Ọjọ́rú, 27

A tú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mi ò gbọ́dọ̀ fi irin ha ọ̀dà náà kí ìdí rẹ̀ má bàa ní ojú àpá. Oògùn tó ń yọ ọ̀dà àti pákó tí mo gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ni mo lò. Kíkùn rẹ̀ ò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Yíyọ rẹ̀ gba odidi ọjọ́.

Nígbà tí ìkejì mọ́, Màmá ní kí n di ojú mi. "Fi ìka pa á. Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ó tutù. Ó ń ha ìka wínníwínní."

"Lọ pa ìkẹrin."

"Ìyẹn ń yọ̀ bí ọṣẹ."

"Má gbàgbé ẹ̀."

Ó wá pa ìkejì fúnra rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbé ọwọ́ kúrò.

Ọjọ́bọ̀, 28

Rọ́bà tuntun sí ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bọ̀dá Páílọ́ọ̀tì tún gbé e dúró, àbúrò mi tún mú tọ́ọ̀ṣì. Ẹnikẹ́ni ò bá mi ṣeré. Mo sọ pé ó dà bíi pé sìlíńdà yìí wúwo ju tọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi ní, "Irọ́ ló kún inú ẹ̀ nígbà yẹn, irọ́ fúyẹ́." Bọ̀dá Páílọ́ọ̀tì fi èjìká nu ojú rẹ̀, mo sì rí i pé ẹ̀rín ló ń nù.

"Ká." "Ká." "Ká." Màmá ní kí n máa ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè, kí àbúrò mi máa kọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 29

Òjò láti òwúrọ̀. A ṣí ilẹ̀kùn ńlá, a jí ẹ́ńjìnnì lábẹ́ òrùlé létí òjò. Ó balẹ̀. A pa á, a jẹ́ kó tutù, a tún fi sípánà wo gbogbo nọ́ọ̀tù. Kò sí èyí tó mì. Màmá buwọ́ lùwé lẹ́ẹ̀kejì, lábẹ́ èyí tó fagi lé. Ó ní òun ò ní ya ojú ewé yẹn.

Ìkùukùu ṣì wà nílẹ̀ bí aṣọ tútù. Ọ̀la ló kù. Ẹ̀gbọ́n mi pè. Mo gbé fóònù. Mo ní kó má bínú.

Ó ní, "Ìwọ lo sọ ọ́ fúnra ẹ, àbí wọ́n mú ẹ?"

"Èmi ni."

"Ó dáa. Mo ti di ẹrù mi."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30

Ojú ọ̀run là láago mẹ́jọ kọjá. Bọ̀dá Páílọ́ọ̀tì gbéra láago mẹ́sàn-án. Ó na ìka sí mi kó tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀: "Tí n bá ṣubú, ìwọ ni n óò kọ́kọ́ wá bá."

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan láti ṣe. Màmá ń to sípánà tó ti tò tẹ́lẹ̀. Mo gbá ilẹ̀ ilé bàálù lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ní aago mọ́kànlá, kò sí nǹkan kan lójú ọ̀run. Kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ gbórí sókè. "Ẹ gbọ́."

Ohùn kan, láìdá.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀ láìwọ bàtà, ikùn níwájú, ó di apá Bọ̀dá Páílọ́ọ̀tì mú. Kò kí mi. Ó lọ síwájú ẹ́ńjìnnì, ó tẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Èwo ni ìkejì?" Mo fi hàn án. Ó wò ó, ó wá fi ìka tó ń wú gbá mi lórí. Lẹ́yìn náà ló gbá mi mọ́ra, ọmọ inú rẹ̀ sì ta mí ní ìpá. Àwọn méjèèjì jọ nà mí ni.

Ọjọ́ Ajé, 15 oṣù kẹsàn-án

Mo ti sùn tó. Ọmọ náà dé lọ́jọ́ Ẹtì, obìnrin, iṣẹ́ abẹ náà ni, àwọn méjèèjì wà ní àlàáfíà. Igbe rẹ̀ dà bí ẹ́ńjìnnì tí kò tíì gbóná.

Wọ́n gé símẹ́ńtì kúrò lọ́wọ́ Màmá lónìí. Ọwọ́ náà ti rù, awọ rẹ̀ funfun. Kò kọjá sílé. Ilé bàálù ló lọ, bàálù ti dé fún àyẹ̀wò, ó ti fò fún wákàtí méjìlélógún. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú sípánà olónkà, ó ń gbọ̀n, mo fi tèmi dì í mú. A wo gbogbo nọ́ọ̀tù. Kò sí èyí tó mì. Ó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n."

Àbúrò mi ti jí ìwé yìí kà. Ó ní kí n ya ojú ewé àkọ́kọ́. Mi ò ní ya á, Màmá náà ò ya tiẹ̀. Ṣùgbọ́n n óò fa ìlà sí ohun tí mo fi kún un. Ẹ́ńjìnnì tí mo fi ọwọ́ òsì gbé: púlọ́ọ̀gì kan ni mo gbé lọ́jọ́ yẹn. Búrẹ́dì yẹn, òótọ́ ni. Sìlíńdà tó ń ṣàìsàn, Màmá ló máa ń gbọ́ ọ, èmi á wá sọ ọ́ tẹ̀lé e. Páílọ́ọ̀tì mọ́kànlá, ẹyọ kan ni, kò sì sunkún, ó fọn imú ni.

Ó wá ku pé kò sí ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Ìyẹn ló tóbi jù nínú gbogbo rẹ̀. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹjọ, láti aago mẹ́sàn-án títí tí àbúrò mi fi ní ká gbọ́, nǹkan mẹ́ta ló ń bà mí lẹ́rù, mo sì mọ nọ́ḿbà wọn: ìkejì, ìkẹrin, ìkẹfà.